Ìdí ẹ̀ka efinrin ń dúdú nínú omi: báwo la ṣe ń gé e kó tó ta gbòǹgbò?

Ọmọlójú

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ọgbà. Mo fẹ́ máa gbin efinrin, ewúro àti mínǹtì sínú ike lórí bákónì. Ẹ̀ka ni mo fẹ́ fi gbìn wọ́n, n kò fẹ́ irúgbìn. Efinrin tí wọ́n ń tà lọ́jà ni mo ń kì bọ omi. Lọ́jọ́ kejì ewé a ti rọ, tó bá fi máa di ọjọ́ karùn-ún ìdí rẹ̀ a ti dúdú, omi a sì máa rùn. Àwọn tó ta gbòǹgbò pàápàá, bí mo bá ti gbé wọn dénú iyẹ̀pẹ̀ báyìí, wọ́n á gbẹ.

Ẹ jọ̀wọ́, ibo lára igi ni kí n ti gé e? Báwo ni kó ṣe gùn tó? Ṣé inú omi ló yẹ kó kọ́kọ́ wà ni, àbí kí n kì í bọ iyẹ̀pẹ̀ tààrà? Àwọn kan ní kí n fi oyin pa ìdí rẹ̀, àwọn kan ní eérú, àwọn mìíràn ní omi àgbọn. Oòrùn kì í dé bákónì mi títí di aago 2 ọ̀sán, àmọ́ bó bá dé, kì í ṣe kékeré.

Bàbá Ẹlẹ́fọ̀ọ́

Ẹ kú ìtara, Ọmọlójú. Kí a tó dé orí omi àti iyẹ̀pẹ̀, ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀ka náà fúnra rẹ̀, torí ibẹ̀ ni nǹkan ti ń bàjẹ́.

Efinrin ọjà, wọ́n ti gé e láti ìdájí tàbí láti àná. Wọ́n dì í pọ̀, wọ́n rọ́ ọ sínú àpò, oòrùn ti pa á kó tó dọ́wọ́ yín. Ọbẹ̀ ni wọ́n gé e fún. Yàtọ̀ síyẹn, púpọ̀ nínú rẹ̀ ló ti yọ òdòdó. Ẹ wo ṣóńṣó orí rẹ̀ dáadáa: bí ẹ bá rí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó yọ kọjá ewé, tí àwọn òdòdó wẹ́wẹ́ tò yí i ká ní ìpele ìpele, ẹ̀ka yẹn ti ń lépa èso. Kì í yá a lára láti ta gbòǹgbò mọ́. Bó bá tiẹ̀ ta, á pẹ́, á sì máa yọ òdòdó nígbà tó yẹ kó máa yọ ewé. Bí kò bá sí èyí tí kò ní òdòdó rárá, ẹ gé ibi òdòdó náà kúrò pátápátá kẹ́ ẹ tó kì í bọ omi.

Ẹ bẹ aládùúgbò tó ní igi efinrin lẹ́yìnkùlé. Ẹ ní kó bomi rin ín dáadáa lálẹ́, kẹ́ ẹ lọ gé e lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì kí oòrùn tó ràn. Igi tó ti mu omi yó lóru ní omi lára púpọ̀ ju èyí tí oòrùn ọ̀sán ti fà gbẹ lọ. Ẹ mú aṣọ tútù tàbí ọ̀rá tó mọ́ dání, kẹ́ ẹ fi wé e títí dé ilé.

Ibo lẹ máa gé? Ara ẹ̀ka efinrin kan náà pín sí mẹ́ta. Òkè pátápátá jẹ́ ọ̀jẹ̀lẹ́, ó tutù yọ̀yọ̀, òun ló sì máa ń kọ́kọ́ rọ. Ìsàlẹ̀ ti di igi, ó ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, á lè ta gbòǹgbò ṣùgbọ́n á pẹ́. Àárín la ń wá, níbi tí àwọ̀ ewé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di àwọ̀ igi. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kò gbọdọ̀ kán pẹ́ù, kò sì gbọdọ̀ rọ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kó padà na. Ẹ gé e ní íǹṣì 4 sí 6, kó ní oríkèé mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Oríkèé ni ibi tí ewé méjì ti dojú kọ ara wọn lára ọ̀pá náà. Abẹ́ oríkèé gan-an ni kẹ́ ẹ gé, kí ó má ju ìdajì sẹ̀ǹtímítà sí i lọ. Oríkèé ni gbòǹgbò fẹ́ràn láti gbà jáde jù. Bí ẹ bá fi ọ̀pá gígùn lásán sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ọ̀pá yẹn ló máa kọ́kọ́ rà, á sì kó ìrà bá oríkèé.

Abẹ tuntun ló dára jù. Bó bá jẹ́ ọ̀bẹ ni, kó mú, kẹ́ ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ sì da omi gbígbóná lé e lórí. Sísọ́ọ̀sì ilé tó ti kú ńṣe ló ń fún ọ̀pá náà pọ̀. Ibi tó bá ti fún pọ̀ kò ní lè fa omi, ibẹ̀ náà ni ìdíbàjẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ó wá kan ewé. Ẹ já gbogbo ewé ìsàlẹ̀ kúrò, kó ku ìpele méjì péré lókè. Bí èyí tó kù bá fẹ̀, ẹ gé ìdajì rẹ̀ dànù. Ó máa ń dun àwọn èèyàn láti ṣe èyí, ṣùgbọ́n òun gan-an ni ìdáhùn sí ewé yín tó ń rọ lọ́jọ́ kejì. Kì í ṣe pé omi kò tó. Ewé ń tú omi jáde sínú afẹ́fẹ́ ní gbogbo ọjọ́, ọ̀pá tí kò ní gbòǹgbò kò sì lè fa èyí tó máa fi dí i. Bí ewé mẹ́wàá bá wà lórí rẹ̀, ẹ gbé e sínú odò, á rọ síbẹ̀.

Fún inú omi: igo tàbí ike tó mọ́, omi tó ga tó íǹṣì 1½, kí oríkèé kan tàbí méjì wà lábẹ́ omi, kí ewé kankan má kàn án. Ewé tó bá rì sínú omi á jẹrà láàárín ọjọ́ mẹ́ta, òun ló ń mú omi rùn. Ẹ pààrọ̀ omi lọ́jọ́ méjì méjì, kẹ́ ẹ fọ inú igo, kẹ́ ẹ sì fi ọwọ́ fọ ìdí ẹ̀ka náà jẹ́jẹ́ títí kò fi ní máa yọ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀fọn kò fi ní ráyè pamọ níbẹ̀. Ẹ fi bébà tàbí aṣọ dúdú wé igo náà yíká kí ìmọ́lẹ̀ má wọlé, kí ewéko aláwọ̀ ewé má baà hù nínú omi. Nínú igo kan, ẹ̀ka kò gbọdọ̀ ju mẹ́ta lọ. Bí ọ̀kan bá rà nínú ogún tẹ́ ẹ rọ́ sínú ife kan, gbogbo wọn ló máa bá a lọ.

Ẹ má gbé e síta fún oòrùn aago 2 yẹn. Inú ilé, lẹ́bàá fèrèsé tó mọ́lẹ̀, ló yẹ kó wà títí gbòǹgbò á fi jáde. Láàárín ọjọ́ 7 sí 14 ẹ máa rí i tí nǹkan funfun wínníwínní ń yọ lójú oríkèé.

Bí ìdí bá ti dúdú kẹ́ ẹ tó rí i, tó sì ń yọ̀: ẹ gé ibi dúdú náà kúrò dé abẹ́ oríkèé tó mọ́ tó tẹ̀ lé e, ẹ fi ọṣẹ fọ igo, ẹ bu omi tuntun. Bó bá ti gun òkè kọjá oríkèé kejì, ẹ dà á nù.

Àgbẹ̀ Ẹ̀yìnkùlé

Bàbá, ẹ kú làákàyè. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ lórí efinrin ni mo fara mọ́. Ṣùgbọ́n ewúro kò ní nǹkan ṣe nínú igo omi. Iyẹ̀pẹ̀ ni kẹ́ ẹ kì í bọ tààrà. Inú omi, èèpo igi rẹ̀ á wú, á sì máa bó kí gbòǹgbò tó dé.

Ti ewúro yàtọ̀ pátápátá sí ti efinrin. Igi tó ti gbó là ń fẹ́, kì í ṣe ọ̀jẹ̀lẹ́. Kó nípọn ju kálámù lọ, kó má ju àtàǹpàkò lọ. Ẹ gé e ní íǹṣì 8 sí 12, kó ní oríkèé márùn-ún ó kéré tán, kẹ́ ẹ sì já gbogbo ewé ara rẹ̀ dànù. Gbogbo rẹ̀ ni mo wí. Ohun tí igi náà ti kó pamọ́ sínú ara ló máa fi hù, kò nílò ewé àtijọ́.

Ohun tó ń pa ewúro àwọn èèyàn jù ni pé wọ́n ń gbìn ín ní àdorísódì. Tẹ́ ẹ bá ti já ewé tán, òkè àti ìsàlẹ̀ á jọra. Ẹ wo ibi tí ewé ti já kúrò: àpá kan á wà níbẹ̀, ojú kékeré kan á sì wà tó fẹ́ hù. Ojú yẹn máa ń wà lókè àpá. Bó bá jẹ́ pé abẹ́ àpá lẹ ti rí ojú, orí rẹ̀ lẹ dé ilẹ̀ yẹn. Kí ó má baà di pé ẹ ń wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹ bá ti ń gé e lọ́wọ́ ni kẹ́ ẹ ti gé ìsàlẹ̀ ní ìdàgẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ gé òkè ní títẹ́. Ọ̀nà kan náà la fi ń mọ̀ ọ́n lára igi ẹ̀gẹ́.

Ike ọ̀dà ìkunlé lítà 10 tó fún igi méjì. Ẹ fi ìṣó gbígbóná lu ihò mẹ́fà sí mẹ́jọ sí ìdí rẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e lé orí òkúta tàbí bíríkì méjì kí omi lè rí ọ̀nà jáde. Ìdá kan ilẹ̀dú, ìdá kan iyanrìn odò. Ẹ má lo iyanrìn etí òkun, iyọ̀ wà nínú rẹ̀. Ìgbẹ́ adìẹ tútù kò gbọ́dọ̀ kàn án, ó gbóná, á jó gbòǹgbò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ jáde. Tó bá ti jẹrà tán, tí kò rùn mọ́, ẹ lè pò ó mọ́ ọn nígbà tí igi náà bá ti fìdí múlẹ̀.

Ẹ dá a dẹ̀gbẹ́ díẹ̀, kí oríkèé méjì sí mẹ́ta wọlẹ̀, kí méjì wà lókè. Lẹ́yìn náà ẹ fi ọwọ́ tẹ iyẹ̀pẹ̀ mọ́ ọn lára kó le. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣẹ́ kù láàárín igi àti iyẹ̀pẹ̀, ibẹ̀ á gbẹ, gbòǹgbò kò ní lè kọjá níbẹ̀. Ẹ bomi rin ín lẹ́ẹ̀kan kó mu dáadáa, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ dúró títí òkè iyẹ̀pẹ̀ á fi bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ kẹ́ ẹ tó tún bomi.

Ní bí ọ̀sẹ̀ kejì ewé á bẹ̀rẹ̀ sí yọ. Ẹ má tíì máa yọ̀. Ewé àkọ́kọ́ yẹn, oúnjẹ inú igi ló gbé e jáde, gbòǹgbò lè má tíì sí rárá níbẹ̀. Ẹni tó bá rí i tó sì gbé e sínú oòrùn líle, tàbí tó da ajílẹ̀ sí i, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ewé náà á rọ, wọ́n á ní wọ́n fojú wò ó ni. Ẹ fi sílẹ̀ níbi tí oòrùn àárọ̀ díẹ̀ ti ń kàn án títí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà á fi pé. Bí ẹ bá wá fà á jẹ́jẹ́ tó di ilẹ̀ mú, gbòǹgbò ti wà. Kí ẹ má fà á kó tó dìgbà yẹn, torí ṣe lẹ ń já àwọn gbòǹgbò wínníwínní dànù nígbàkúùgbà tẹ́ ẹ bá ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Nípa àkókò: bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀ déédéé, láti nǹkan bí oṣù Ẹrẹ́nà sí Igbe, títí di oṣù Ọ̀wẹwẹ̀, kò sí ìyọnu. Ọyẹ́ ni ọ̀tá rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ á fa ara igi náà gbẹ láti òkè kí ìsàlẹ̀ tó mọ̀. Bí ó bá di dandan kẹ́ ẹ gbìn ín lásìkò ọyẹ́, ẹ fi ọ̀rá tàbí yíyọ́ àbẹ́là di ojú ibi tẹ́ ẹ ti gé lókè.

Ẹni tó bá ń gbìn ín sílẹ̀ gbalasa, kó ṣọ́ ikán. Wọ́n fẹ́ràn igi tí kò tíì ní gbòǹgbò, wọ́n á jẹ inú rẹ̀ tán, èèpo nìkan ni ẹ máa bá lóòró. Ẹ má kó koríko gbígbẹ tàbí ìyẹ̀fun pákó sún mọ́ ìdí rẹ̀.

Ẹ fi ahọ́n tọ́ ewé igi tẹ́ ẹ fẹ́ gé wò kẹ́ ẹ tó gé e. Ewúro kan korò ju òmíràn lọ, bí igi ìyá bá sì ṣe korò ni ẹ̀ka náà ṣe máa korò. Efinrin náà bẹ́ẹ̀, òórùn wọn kò dọ́gba. Èyí ni ẹ̀ka fi dára ju irúgbìn lọ: ohun tẹ́ ẹ rí lára ìyá lẹ máa rí lára ọmọ.

Ọmọlójú

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Ti àdorísódì yẹn yé mi wàyí. Ó ku mínǹtì àti bí a ṣe ń gbé efinrin láti inú omi bọ́ sí iyẹ̀pẹ̀. Ẹ sì má gbàgbé ọ̀rọ̀ oyin àti eérú.

Ìyá Ewé

Ẹ jẹ́ kí n mú èyí.

Gbòǹgbò tó jáde nínú omi kì í ṣe irú gbòǹgbò tó ń gbé inú iyẹ̀pẹ̀. Ó funfun, ó rọ̀, ó yára kán, kò sì ní irun wínníwínní tó fi ń gba omi lára iyẹ̀pẹ̀. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ sínú omi títí tó fi gùn gbọọrọ tó yí ara wọn po, ó ti pẹ́ jù. Nígbà tó bá gùn tó íǹṣì 1 ni kẹ́ ẹ kó o kúrò, kó má ju 2 lọ. Ẹ̀ẹ̀kejì, àwọn èèyàn máa ń gbé e láti inú omi bọ́ sínú iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ, wọ́n á wá bu omi ife kan lé e. Kò lè tó o. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, iyẹ̀pẹ̀ náà gbọ́dọ̀ tutù dáadáa. Ẹ bu díẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ fún un pọ̀ lọ́wọ́, ó yẹ kí ó lẹ̀ pọ̀ ṣùgbọ́n kí omi má kán sílẹ̀ lára rẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ kejì ni kẹ́ ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí dín omi kù díẹ̀díẹ̀.

Ike kékeré ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lò. Ìdajì ike omi mímu tí wọ́n lu ihò sí nídìí tó. Ike ńlá máa ń gba omi púpọ̀ dúró lábẹ́ níbi tí gbòǹgbò kékeré kò tíì dé, omi yẹn á wá kan, á máa gòkè. Ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ gbẹ́ ihò sínú iyẹ̀pẹ̀ ná kẹ́ ẹ tó ki ẹ̀ka bọ̀ ọ́. Bí ẹ bá tì í wọlẹ̀ pẹ̀lú agbára, gbogbo gbòǹgbò á kán. Ẹ rọ iyẹ̀pẹ̀ lé e, ẹ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́.

Ẹ wá fi ọ̀rá tó mọ́ gaara bò ó fún ọjọ́ 5 sí 7. Ẹ ki igi méjì mọ́ ẹ̀gbẹ́ ike kí ọ̀rá má baà lẹ̀ mọ́ ewé, torí ibi tó bá lẹ̀ mọ́ á rà. Ẹ máa ṣí i lówùúrọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Níwọ̀n ìgbà tí ọ̀rá bá wà lórí rẹ̀, oòrùn kò gbọdọ̀ kàn án tààrà, ṣe ló máa sè ewé náà. Bí ewé tuntun bá ti yọ lórí rẹ̀, ẹ ká ọ̀rá kúrò. Oòrùn àárọ̀ ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, wákàtí kan lójúmọ́, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ẹ fi kún un, kó tó wá dé orí oòrùn aago 2 yín yẹn. Ẹni tí kò bá fẹ́ wàhálà ìṣípòpadà yìí, kó ki efinrin bọ iyanrìn odò tútù lábẹ́ ọ̀rá láti ọjọ́ kìíní. Á pẹ́ díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n gbòǹgbò tó bá jáde ti mọ ilẹ̀.

Nípa oògùn ìdí: oyin kì í mú gbòǹgbò jáde. Ohun tó lè ṣe ni pé ó ń dá àwọn kòkòrò àìfojúrí dúró lójú ọgbẹ́ náà. Bẹ́ ẹ bá wá fi í sínú omi, ṣúgà inú rẹ̀ ni kòkòrò náà máa jẹ. Àwọn èèrà ńkọ́? Wọ́n á dé. Eérú máa ń gbẹ omi ojú ọgbẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó le fún gbòǹgbò kékeré bó bá pọ̀. Omi àgbọn náà ní ṣúgà, á sì kan láàárín ọjọ́ kan. Fún efinrin, ewúro, gbúre àti mínǹtì, ẹ fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìyẹ̀fun tó ń ran gbòǹgbò lọ́wọ́, èyí tí wọ́n ń tà níbi tí wọ́n ti ń ta oògùn oko, wúlò fún rosemary (ewé òyìnbó olóòórùn dídùn kan) àti àwọn igi tó le. Ẹ bu díẹ̀ síta kẹ́ ẹ tó ki ìdí ẹ̀ka bọ̀ ọ́, ẹ gbọn èyí tó pọ̀ jù dànù. Bó bá pọ̀, ìdí ẹ̀ka á jó ni.

Mínǹtì ló rọrùn jù nínú gbogbo wọn. Ẹ gé orí rẹ̀ ní íǹṣì 4, ẹ já ewé ìsàlẹ̀, ẹ ki oríkèé méjì bọ omi. Lọ́pọ̀ ìgbà ọ̀sẹ̀ kan kì í pé tí gbòǹgbò fi ń jáde. Èyí tí wọ́n ń tà nínú ṣọ́ọ̀bù ńlá nínú ọ̀rá náà máa ń ta bí òtútù fìríìjì kò bá tíì sọ ọ́ di dúdú. Ẹ wo ìdí igi tó ti dàgbà, ẹ máa rí ọ̀pá tó ń rákò lórí ilẹ̀ tó ti ní gbòǹgbò tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ kàn gé e kúrò pẹ̀lú gbòǹgbò rẹ̀, ẹ lọ gbìn ín. Àmọ́ ẹ fún un ní ike tirẹ̀. Bó bá bá efinrin gbé inú ike kan náà, kò ní pẹ́ tí mínǹtì fi máa gba gbogbo ilẹ̀. Kò sì fẹ́ràn oòrùn ọ̀sán. Ẹ̀yìn efinrin, níbi tí òjìji rẹ̀ dé, ni kẹ́ ẹ gbé ike rẹ̀ sí.

Rosemary, ẹ ní sùúrù fún un, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ. Orí ẹ̀ka tuntun tó ṣì rọ̀ ni kẹ́ ẹ gé, íǹṣì 3 sí 4. Iyanrìn méjì sí ilẹ̀dú kan. Omi púpọ̀ ló ń pa á nílẹ̀ wa. Èyí tó wà nínú sáṣẹ́ẹ̀tì, tó ti gbẹ, ọbẹ̀ nìkan ló mọ̀.

Koríko ọba, tí àwọn kan ń pè ní ewé tíì, ẹ má gé ewé rẹ̀ gbìn, kò ní hù láéláé. Ìdí rẹ̀ tó wú tó funfun yẹn la ń gbìn. Bí ẹ bá fẹ́ rà á lọ́jà, ẹ yí i wò lábẹ́: bí wọ́n bá ti gé e kọjá ibi líle tó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, tí ẹ ń wo àárín ewé tó ká yí ara wọn, ẹ má rà á fún gbígbìn. Bí ibi líle náà bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ gé ewé òkè kù ní íǹṣì 6, ẹ bó ewé gbígbẹ kúrò, ẹ gbé e sínú omi tí kò ju íǹṣì 1 lọ. Tàbí kẹ́ ẹ fa ọ̀kan ya lára ìdí tó ti gbilẹ̀, pẹ̀lú gbòǹgbò, kẹ́ ẹ gbìn ín lọ́jọ́ kan náà. Ẹ ṣọ́wọ́ o, etí ewé rẹ̀ máa ń géni.

Ẹni tó bá sì fẹ́ àbámodá, ewé lásán ti tó. Ẹ tẹ́ ewé kan tó gbó sórí iyẹ̀pẹ̀ tútù níbi òjìji, ẹ fi òkúta kékeré tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láàárín. Láti etí rẹ̀, níbi tó ṣe jágajàga, ni àwọn ọmọ á ti máa yọ. Gbúre ní tirẹ̀, ẹ gé ọ̀pá rẹ̀ ní íǹṣì 5, ẹ fi sílẹ̀ sábẹ́ òjìji fún wákàtí mélòó kan kí ojú ọgbẹ́ gbẹ kẹ́ ẹ tó kì í bọlẹ̀, torí omi pọ̀ lára rẹ̀, ó tètè ń rà.

Ará Peckham

Ẹ jẹ́ kí n fi tàwa tá a wà ní Lọ́ńdọ̀nù kún un, torí àwọn tó ń bi mí léèrè níbí pọ̀.

Efinrin kò mọ òtútù. Bí alẹ́ bá ti ń lọ sí ìsàlẹ̀ 10°C, ewé rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí dúdú, bí yìnyín bá sì kàn án, ó parí. Ìdí nìyí tó fi yẹ kẹ́ ẹ gé ẹ̀ka rẹ̀ lóṣù Ògún, nígbà tó ṣì ń dàgbà, kì í ṣe ìgbà tẹ́ ẹ bá rí i tó ń kú lóṣù Ọ̀wàrà. Ẹ̀ka mẹ́rin tó ta gbòǹgbò nínú ilé rọrùn láti tọ́jú ju igi ńlá kan tẹ́ ẹ wọ́ wọlé lọ.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà òtútù ni pé ìmọ́lẹ̀ kò tó. Lóṣù Ọ̀pẹ, nǹkan bíi wákàtí mẹ́jọ péré ni ojú ọjọ́ fi ń mọ́lẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Fèrèsé tó kọjú sí gúúsù ló dára jù, ṣùgbọ́n iná LED tí wọ́n ṣe fún irúgbìn, wákàtí 12 sí 14 lójúmọ́, ni kò ní jẹ́ kó máa na tẹ́ẹ́rẹ́ wá ojú fèrèsé kiri. Gbòǹgbò ń fẹ́ ìgbóná bíi 20°C sí 24°C. Ẹ má gbé e lé orí rédíétọ̀, ẹ̀rọ tó ń mú yàrá gbóná, o! Afẹ́fẹ́ tó ń ti ibẹ̀ bọ̀ gbẹ, á pa ewé rẹ̀ bí ọyẹ́ ṣe ń pa á nílé. Omi ẹ̀rọ níbí máa ń tutù nini. Ẹ bù ú sílẹ̀ kó gba ìgbóná yàrá kẹ́ ẹ tó lò ó.

Bí ẹ bá rí àwọn eṣinṣin dúdú kékeré tó ń fò lórí ike, omi yín ti pọ̀ jù nìyẹn. Inú iyẹ̀pẹ̀ tútù ni wọ́n ń yé sí, àwọn ọmọ wọn a sì máa jẹ gbòǹgbò kékeré. Ẹ jẹ́ kí òkè iyẹ̀pẹ̀ gbẹ tó íǹṣì 1 kẹ́ ẹ tó tún bomi, tàbí kẹ́ ẹ máa bomi sínú àwo tó wà nísàlẹ̀ kó fà á láti abẹ́.

Mínǹtì kò nílò gbogbo èyí. Ẹ fi í síta. Á kú wálẹ̀ lójú yín nígbà òtútù, lóṣù Ẹrẹ́nà á tún hù.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù: ẹ má di ẹ̀ka tútù sínú báàgì láti Nàìjíríà wá síbí. Òfin Biritéènì béèrè ìwé ẹ̀rí ìlera irúgbìn lórí ohunkóhun tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbìn, bí kò bá sí ìwé náà, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín ní pápákọ̀ òfuurufú. Ẹni tó ti ní i ládùúgbò ni kẹ́ ẹ wá lọ.

Ọmọlójú

Ẹ ṣé púpọ̀, Ìyá Ewé, àti ẹ̀yin náà ará Lọ́ńdọ̀nù. Ìbéèrè kan péré ló kù: tó bá ti dàgbà, ìgbà wo ni mo lè bẹ̀rẹ̀ sí já ewé rẹ̀ sọ́bẹ̀?

Bàbá Ẹlẹ́fọ̀ọ́

Efinrin, nígbà tó bá ga tó íǹṣì 8, tó sì ti ní ìpele ewé mẹ́fà. Ewé kọ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ já, orí rẹ̀ ni kẹ́ ẹ gé, lókè ìpele kẹta láti ìsàlẹ̀. Lábẹ́ ibi tẹ́ ẹ gé yẹn, ojú méjì ló máa hù lẹ́ẹ̀kan, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Bí àwọn náà bá dàgbà, ẹ tún gé orí wọn. Igi tí wọn kò gé lórí á ga tẹ́ẹ́rẹ́, á yọ òdòdó, ewé rẹ̀ á kéré, á sì bẹ̀rẹ̀ sí di igi láti ìdí. Bí ẹ bá rí òdòdó níbikíbi, ẹ já a lọ́jọ́ náà. Orí tẹ́ ẹ gé yẹn kì í ṣe ohun àdànù, bí kò bá tíì yọ òdòdó, ó ti di ẹ̀ka gbígbìn mìíràn.

Ẹ má já ju ìdá kan nínú mẹ́ta ewé rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan. Ike lítà 4 tí wọ́n fi ń ta ọ̀dà ìkunlé lè gbà á títí oṣù mélòó kan. Bí gbòǹgbò bá ti ń yọ lábẹ́ ihò ike, tí ẹ bomi lówùúrọ̀ tí ewé tún rọ lọ́sàn-án, ẹ gbé e sí lítà 10.

Ewúro ní tirẹ̀, ẹ fún un ní oṣù méjì sí mẹ́ta. Ewé ìsàlẹ̀ tó ti fẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa já, kẹ́ ẹ fi orí rẹ̀ sílẹ̀ títí á fi ga tó ẹsẹ̀ bàtà méjì. Nígbà náà kẹ́ ẹ bẹ́ orí rẹ̀ kó lè ya ẹ̀ka, kí ọwọ́ yín lè máa tó o lórí bákónì.